Gọ́ọ̀mù Tí Kì Í Ṣí

Orúkọ ilé iṣẹ́ tó bá ra ẹ̀tọ́ àtita fíìmù ni Baba Onígọ́ọ̀mù máa ń lẹ̀ mọ́ páálí kásẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ̀tọ́ náà bá wá kúrò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn, olówó tuntun kì í tẹ páálí mìíràn, ahun burúkú! Sítíkà tó tóbi ju ti àná lọ ni Baba yóò lẹ̀ lé ti àná. A sì máa fọ́nnu pé, "Ohun tí mo bá ti lẹ̀, ó dọ̀run kó tó ṣí."

Fíìmù kan wà tí ìyàwó rẹ̀ ṣe ọmọọ̀dọ̀ nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà ní igun páálí, ó ń rẹ́rìn-ín. Sítíkà olówó kìíní bo ọrùn rẹ̀, ti èkejì bo ojú.

"Baálé mi, ẹ ti sin mí láàyè nìyẹn," ni obìnrin náà wí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó kú lóòótọ́, kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan nílé. Baba gbé páálí kan kalẹ̀, ó ń fi omi gbígbóná rọra bó sítíkà. Sítíkà ọ̀hún ṣí o, ṣùgbọ́n kò dá wá: ó fa ojú obìnrin náà wá, ibi tí ẹ̀rín rẹ̀ wà lórí páálí sì funfun báláú.