Ẹyẹ Tí A Kò Rí Lẹ́yìn Gonfreville

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Bouaké, iṣẹ́ tí ìyá mi fún mi ni kí n máa fetí sí ẹyẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyá mi a máa sá gbodo, iṣu gbígbẹ tí a ń lọ̀ di èlùbọ́, sórí àpáta kan lẹ́yìn Gonfreville, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ, létí igbó odò. Bí òjò bá pa á, ó bu nìyẹn, kò sì sí ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ní Grand Marché, ọjà ńlá ìlú náà, tí yóò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá mi a máa bó iṣu lábẹ́ àtíbàbà, èmi a jókòó sórí àpáta tó ń jó mi nídìí, òórùn iṣu bíbọ̀ a gba imú mi kan.

"Bí ẹlúùlú bá ti ké, òjò dé tán." Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò fi ẹlúùlú hàn mí rí.

Ẹyẹ kan wà nínú igbó náà. Ohùn rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ lókè, a máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A gbọ́ ọ títí, a ò rí ìyẹ́ rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ ké, mo sáré kó gbodo sábẹ́ àtíbàbà. Oòrùn ràn títí di ìrọ̀lẹ́, ìyá mi fa etí mi. Nígbà tó tún ké, mo jókòó jẹ́ẹ́. Òjò dé, ó fọ gbogbo rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ọwọ́ sókè, mi ò sì mọ èwo ni mo ṣẹ̀ níbẹ̀.

Mo bi Màmá Akissi, arúgbó Baoulé, ọmọ onílẹ̀, tó ni oko tí àpáta náà wà. Wọ́n fi Dioula, èdè tí gbogbo wa ń sọ lọ́jà, sọ fún mi pé ibẹ̀ làwọn dàgbà sí, àwọn ò rí ẹyẹ náà rí, kò sì kan òjò. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìyá mi.

"Kí ni Baoulé mọ̀ nípa ẹlúùlú?"

Ibẹ̀ la wà tí ẹyẹ náà tún fi ké. Ìyá mi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n tún jókòó.

"Ẹlúùlú ni. Àbí òun kọ́? Ó pẹ́ tí mo ti kúrò nílé, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ mọ́."

Ẹ̀rù bà mí ju ti ẹgba lọ. Bí ìyá mi ò bá mọ̀ ọ́n, ta ni yóò mọ̀ ọ́n? A kó ìdajì gbodo sábẹ́ àtíbàbà, a fi ìdajì sílẹ̀ níta.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ilé ti gba ibẹ̀ báyìí. Fóònù ló ń sọ ìgbà tí òjò yóò rọ̀, òun náà sì ń purọ́. Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi fi ẹyẹ kan hàn mí nínú fóònù tirẹ̀, àwọn Faransé ń pe ìran rẹ̀ ní coucou. Ìrù rẹ̀ gùn, inú igbó ló ń fara pamọ́ sí, àwọn tó ń wá a gan-an kì í sábà rí i. Ó tẹ ohùn rẹ̀ fún mi. Ó jọ ti ẹyẹ ìgbà náà. Nígbà tó tún tẹ̀ ẹ́, kò jọ ọ́ mọ́.

"Maman, c'est ça? Ṣé òun lẹ máa ń gbọ́?"

Ẹnu mi ló ń wò, bí mo ṣe ń wo ẹnu ìyá mi láyé ọjọ́un. Mo ní òun ni. Ìyá mi, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, láyà jù mí lọ: wọ́n lè sọ fún ọmọ pé àwọn ò mọ̀.