Àwọ̀ Tó Wà Lábẹ́ Páálí Ilẹ̀kùn

Ilé tí mò ń gbé ní Bàrúwà, èmi àti ọkọ mi la jọ kọ́ ọ, yàrá kan tẹ̀ lé yàrá kan, títí ó fi tó ohun tí ènìyàn lè pè ní ilé. Ṣùgbọ́n mọ́tò ìjàpá tó wà lábẹ́ páànù nínú àgbàlá, tirẹ̀ nìkan ni. Láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ò ti ríran dáadáa mọ́ ló ti wà níbẹ̀. Ó kú, mọ́tò ò kúrò. Adìẹ ará ilé kejì ló ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Àìmọye ìgbà ni mo ti fẹ́ pe àwọn tó ń ra irin kí wọ́n wá gbé e, n ò sì mọ ohun tó ń dá mi dúró.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa, ọkùnrin, Kánádà ló wà. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè mí. Ìpè náà kì í pẹ́: ṣé ara mi le, ṣé mo ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣé wọ́n ti mú iná wá, ó dàbọ̀. Tí mo bá ní kí n kó ìtàn kan sílẹ̀, màá máa gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà, èmi náà á sì ká ìtàn mi nílẹ̀. N ò bá a wí. Iṣẹ́ òyìnbó kì í dúró de ìyá ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ká má parọ́, ilé yẹn dákẹ́ jù. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé obìnrin tó ń kiri búrẹ́dì nìkan ni mo bá sọ̀rọ̀, mo sì máa ń fa ọ̀rọ̀ náà gùn lẹ́nu géètì débi tí ara á ti máa kán an.

Ó wá pè mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan. Àyà mi já, torí kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀. Mọ́tò bàbá rẹ̀ ló ń bèèrè. Ó ti bá àwọn kan pàdé lọ́hùn-ún tí wọ́n ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe, òun náà sì fẹ́ kí wọ́n tún ti bàbá òun ṣe, kó rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde nílé iṣẹ́. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan títí wọ́n á fi mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó àti èyí tí wọ́n kàn fi rọ́pò: gíláàsì, ìjókòó, irin abẹ́ rẹ̀, àti àwọ̀, àwọ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ojú mi ni yóò máa fi wò ó. Bí mo ṣe di mẹkáníìkì lọ́jọ́ ogbó mi nìyẹn.

Láti ọjọ́ yẹn, ìrọ̀lẹ́ ò ní lọ láìjẹ́ pé fóònù dún, ìpè fídíò, kí n sì rí irùngbọ̀n rẹ̀ tó ti ń hewú. Ó ní kí n ká ìjókòó ẹ̀yìn sókè, kí n nu irin tó wà láàárín, wọ́n lu nọ́ńbà kan sára rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, eékún mi ń ké, mo kà á fún un. Ó ní kí n tan iná sí igun gíláàsì kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi bẹ̀rù olè púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ra mọ́tò náà ló ti pe àwọn tó ń fín nọ́ńbà sí gíláàsì, wọ́n fín in sí gbogbo rẹ̀, títí kan dígí tó fi ń wẹ̀yìn. Ọ̀kan ṣoṣo ni kò ní nọ́ńbà, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì lẹ́yìn. Ọmọ mi ní kí ló dé tí ìyẹn fi yàtọ̀.

Mo ní, "Ìwọ lo sọ̀kò sí máńgòrò. Máńgòrò ò já, gíláàsì ló fọ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ti gbàgbé pátápátá. Ó ní kí n sọ ohun tí bàbá òun ṣe fún òun lọ́jọ́ náà, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, iná fóònù tán sí wa lẹ́nu. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tó yá mo ń tètè wẹ̀, mo ń wé gèlè de ìpè. Gèlè nítorí mọ́tò! Kò tilẹ̀ rí i, torí mọ́tò ni mo máa ń kọjú fóònù sí. Mo ṣáà ń wé e.

Ó wá ku àwọ̀. Funfun ni mọ́tò náà báyìí, ó ti pupa rí, ó sì ti ní àwọ̀ ewéko rí. Ọmọ mi ní pupa ló gbé wáyé, torí pupa lòun bá a. Mo ní irọ́ ni jàre, àwọ̀ tíì tí wọ́n da mílíìkì sí ni, èmi ni mo jókòó níwájú lọ́jọ́ tó wọlé.

Ó ní, "Màmá, wọn ò gba ìrántí. Ẹ̀rí ni wọ́n fẹ́."

Ó dùn mí o. Èmi tí mo wà níbẹ̀ ò tó ẹ̀rí, àfi kí irin sọ ọ́. Mo gbé e mì ṣá. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dùbúlẹ̀ ni mo rántí pé gbogbo ìgbà tí àwọn oníkùn mọ́tò wá, èmi ni mo ń fún wọn lómi mu, wọn ò sì tú páálí inú ilẹ̀kùn rí. Ìwé ìròyìn ni wọ́n máa ń lẹ̀ bò ó, wọ́n á wá máa fọ́n kùn lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú ọ̀bẹ ìdáná, mo fi yọ páálí náà díẹ̀díẹ̀. Eruku jáde, aáyán tó ti gbẹ jáde, lẹ́yìn náà ni mo rí i: àwọ̀ tíì, ó ń dán bí ọjọ́ tí ọkọ mi gbé e dé. Mo fọwọ́ pa á. Inú mi dùn, omi bọ́ lójú mi, ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Òun ló kù tí ọmọ mi ń wá. Tí mo bá fi hàn án, ó parí nìyẹn, á padà sí ọjọ́ Àìkú rẹ̀. Mo dá páálí náà padà síbi tó wà. Gbogbo ọjọ́ yẹn ni mo ń rò ó: mo lè ní ojú mi ò ríran, mo lè ní páálí náà ò ṣeé tú. Mo lè fà á títí di Iléyá.

Nígbà tó pè, ojú rẹ̀ ti pọ́n, kò tíì sùn. Ó ní àwọn tó fẹ́ po kùn ti ń kánjú, pupa lòun máa sọ fún wọn, ohun tó bá gbà kó gbà. Ìyá ni mí. Mo tú páálí náà lójú rẹ̀.

Ó pariwo pé tíì ni, àwọ̀ tíì ni, bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún mi, kò rántí pé mo ti sọ ọ́ fún un. Kò pẹ́ ni àwọn oníṣẹ́ tí ọmọ mi bá ṣàdéhùn níbí mú ọkọ̀ tó ń fa mọ́tò wá láti ọ̀nà Ìpàjà, wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Adìẹ fò sókè. Ohun tó kù ni ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti mu, àti páànù tó ń bo òfìfo.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ni ọmọ mi wá ń pè báyìí. Ọjọ́ Àìkú kan, ó pè mí, kò pẹ́ lórí rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, kò pè. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà, kò pè. Mo wá ṣe ohun tí n kì í ṣe, èmi ni mo fi fídíò pè é. Kì í ṣe àṣà wa. Ó máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́, n kì í fẹ́ dà á láàmú. Ó gbé e kíá, mímí rẹ̀ ò balẹ̀.

"Màmá, kí ló ṣe mọ́tò?"

"Kò sóhun tó ṣe mọ́tò. Èmi ni mo pè ẹ́."

Mo sọ fún un pé ilé ló dákẹ́ jù fún mi, pé n ò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ fi hàn án. Mo ń retí kó ní òun á pè mí padà. Mo gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn kan, mo gbọ́ tó fa àga. Fóònù wà lọ́wọ́ mi lórí itan, mo kọjú rẹ̀ sí àgbàlá bó ṣe ti mọ́ mi lára.

Ó ní, "Ẹ yí fóònù padà, Màmá. Ojú yín ni mo fẹ́ rí."

Mo yí i padà. N ò wé gèlè lọ́jọ́ náà.