Omi Pápá Ìṣeré Nínú Ìkòkò Aró Ìyá Mi

Òjò ló mú mi. Mo lọ wo bọ́ọ̀lù n'Íbàdàn, bí wọ́n ṣe ń gbá a lọ́wọ́ ni òjò ńlá dé, tí rẹfirí sì lé àwọn agbábọ́ọ̀lù wọlé. Pápá náà di odò. Mo ti dìde pé ó parí nìyẹn. Òjò dá, kí n sì tó jẹ àkàrà ọwọ́ mi tán, omi ti lọ, wọ́n tún ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn èèyàn ń pariwo góòlù, èmi ń wo koríko. Níbo ni omi yẹn gbà lọ?

Télọ̀ ni mí ní Ṣàpọ́n. Ohun tí mo bá rí, mo fẹ́ wọ̀n ọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìwé àwọn ẹnjiníà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé pápá tó dára kì í tẹ́ pẹrẹsẹ: àárín rẹ̀ a máa yọ díẹ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá. Yanrìn wà lábẹ́ koríko, òkúta wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ yanrìn, páìpù tí wọ́n dá ihò sí lára wà láàárín òkúta. Iṣẹ́ kò sì parí síbẹ̀. Omi tí o lé kúrò lórí pápá, o gbọ́dọ̀ mọ ilé ẹni tí ò ń lé e lọ.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí a di Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pápá ìṣeré sórí òkè ẹ̀yìn ilé wa. Inú mi dùn débi pé mò ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ wò wọ́n. Aláró ni ìyá mi. Ìsàlẹ̀ òkè náà ni àgbàlá òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Wọ́n ri ìkòkò aró mọ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan ló yọ. Gọ́tà kékeré kan bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ òkè, ó la àgbàlá já. Aró tó bá ti kú ni wọ́n ń dà sí i.

Gọ́tà yẹn ni àwọn kọ́lékọ́lé rí, wọ́n ní ọ̀nà àgbàrá nìyẹn, wọ́n sì dojú páìpù ńlá kọ ọ́. Mo bá ọ̀gá wọn lórí òkè.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Omi aró ni wọ́n la gọ́tà yẹn fún. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, páìpù yín sì tó mẹ́ta."

Ó wo téèpù ọrùn mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Télọ̀, ṣé ẹ fẹ́ dá agbádá fún páìpù ni? Gọ́tà ni gọ́tà ń jẹ́."

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Pápá òkè gbẹ, ó gbẹ dáadáa, bí ti Ìbàdàn. Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn: wọ́n mọ iṣẹ́! Nísàlẹ̀, omi mù wá dé orúnkún. Ẹ̀lú tí ìyá mi ti rẹ sínú omi eérú, tó ku díẹ̀ kí ó tó aṣọ í rẹ, di ẹrẹ̀ pupa.

"O rí i bí?" ni ìyá mi wí. "Pápá tí ò ń torí ẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù ti wá kí mi nílé."

"Ẹ má bínú, Màámi."

"Ta ló ní kí o bẹ̀ mí? Ìwọ tó o fẹ́ràn wíwọ̀n, lọ wọn ibòmíì tí omi máa gbà!"

Mo kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì àwọn kọ́lékọ́lé náà. Wọ́n fún mi ní àga, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó. Mo padà lọ, àga náà ni. Òjò kò dúró dè wọ́n. Ìkòkò mìíràn tún bàjẹ́.

Ni mo bá yá rọ́bà omi tí àwọn bíríkìlà fi ń mọ ibi tó tẹ́jú, mo fi wá ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta. Àwọn aláró dé ìkòkò wọn, wọ́n ká aṣọ sókè, èmi àti àwọn jọ la ọ̀nà omi tuntun láti ẹnu páìpù pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá títí dé odò. Àwọn tó ń gba owó iṣẹ́ náà wà lórí òkè, wọ́n ń kun ilé òǹwòran lọ́dà.

Òjò àná ló tíì pọ̀ jù látìgbà náà: ọ̀nà omi tuntun gba púpọ̀ nínú rẹ̀, ìyókù ya wọ àgbàlá. Mo ki téèpù bọ omi nídìí ìkòkò ìyá mi. Ìnṣì méjì àbọ̀. Ẹnu ìkòkò náà fi ìnṣì mẹ́rin yọ lókè ilẹ̀. Ìnṣì kan àbọ̀ péré ló wà láàárín aró ìyá mi àti omi pápá wọn.