Gbólóhùn Tí Mo Fi Síwájú Lẹ́tà

Òórùn kòkó tí wọ́n sá sí ẹ̀bá títì ní Aládé kì í ṣe òórùn dídùn fún ẹni tí kò bá bá a dàgbà. Ó kan díẹ̀ bí ẹmu àná, a sì máa bá ènìyàn wọ inú aṣọ lọ sílé. Nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ ọ, ọ̀rẹ́ mi, àyà mi ṣì máa ń já, nítorí òwúrọ̀ kan tí mo gun ọ̀kadà kọjá láàárín rẹ̀, èmi tí mo ti búra pé n kò ní gun ọ̀kadà láéláé.

Mo ti fẹ̀yìntì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ìwé nígbà náà. Ilé iṣẹ́ kan ní Àkúrẹ́, tí ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ láti fi ṣòwò fún wọn, bẹ̀ mí pé kí n ṣe àwòkọ lẹ́tà ìjábọ̀ ní èdè Yorùbá: lẹ́tà kan ṣoṣo tí wọn yóò máa lò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, tí kọ̀ǹpútà yóò kàn máa fi orúkọ àti iye owó oníkálukú dí àlàfo inú rẹ̀. Àwọn olùkọ́ tí ó kọ́ mi kò gbà kí lẹ́tà wọ ilé onílé láìmú ìròyìn ayọ̀ dání. Nítorí náà, lẹ́yìn ìkíni, mo kọ ọ́ pé: "Inú wa dùn láti sọ fún yín pé owó yín ti pọ̀ sí i." Ọmọbìnrin tí ilé iṣẹ́ náà rán sí mi rọra fi bírò kan gbólóhùn yìí.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí á fi àlàfo síbí náà. Ọjà lè já wálẹ̀."

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ó kọ́ ọ ní lẹ́tà kíkọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú. Gbólóhùn náà dúró. Ìgbà mẹ́ta ni lẹ́tà náà jáde láìsí wàhálà, tí wọ́n ń yìn mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí orí mi sì ń wú.

Ní òwúrọ̀ tí mò ń wí yìí, obìnrin kan gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Àlejò ni òun àti ọkọ rẹ̀ nílùú wa. Ọkọ náà ti ń tọ́jú oko kòkó olóko kan ní Aládé láti ìgbà ọ̀dọ́, tí wọ́n jọ ń pín ohun tí ó bá so.

"Màmá, lẹ́tà yín ti dé o! Bàbá àwọn ọmọ mi ní owó wa á ti tó ra ilẹ̀ tiwa lọ́nà Ofosu. Ó ti gbé obì lọ bá olóko láàárọ̀ yìí, kí ó lè dá oko padà fún un."

Mo gba lẹ́tà náà, mo gbé awò mi sójú. Gbólóhùn mi wà lókè, ó dúró gbọn-in. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n tẹ iye owó sí, ohun tí ó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá wọn ka lẹ́tà kò kà dé ibẹ̀. Ta ni yóò tún kà á, nígbà tí ìyá àgbà kan ti sọ pé inú òun dùn?

Ní ọ̀dọ̀ wa, bí olóko bá ti la obì ẹni tí ó wá dá oko padà, a kì í tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ẹlòmíràn yóò ti wọ oko. N kò dúró wá gèlè kí n tó gun ọ̀kadà. Nígbà tí mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ olóko, obì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi èékánná wá ojú ibi tí yóò ti là á.

"Ọ̀gá wa, ẹ bá obì! Àbí ẹ ti di ọlọ́kadà ni, tí orí yín wà níta báyìí?"

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì là á." Mo yíjú sí ọkọ obìnrin náà, tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Irọ́ ni gbólóhùn tí ó wà lókè lẹ́tà yẹn. Èmi ni mo kọ ọ́, kí ọdún yìí tó dé. Owó yín ti dín kù."

Ọkùnrin náà ní: "Màmá, ẹ ní inú yín dùn."

Olóko yí obì náà láàárín ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dá a padà sínú àwo.

"N kò tíì rí ojú obì yìí. Gbé e, kí o padà sóko. Èpò kò mọ̀ pé o wá síbí."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ sí Àkúrẹ́, mo fa igi lé gbólóhùn náà fúnra mi. Iye ti tẹ́lẹ̀ àti iye ti ìsinsìnyí ni ó ṣáájú báyìí, òṣìṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan bóyá owó pọ̀ sí i tàbí ó dín kù. Ọmọbìnrin náà kò sọ pé òun ti wí i. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ọkùnrin náà kò jẹ́ kí ẹlòmíràn ka lẹ́tà fún òun mọ́. Ilé mi ni ó ń gbé e wá ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, yóò sì bi mí kí n tó ṣí i pé: "Màmá, ṣé òní ni ẹ sọ eléyìí, àbí ẹ ti sọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀?" Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń máàkì lẹ́tà, n kò bi ọmọ kan ní ìbéèrè yẹn rí.