Mo Rí I

Ó ti tó ọdún méjìdínlógún tí obìnrin yìí ti ń jókòó sókè ilé ìṣọ́ pápákọ̀ òfuurufú, tó ń sọ fún àwọn bàálù èyí tí yóò bà àti èyí tí yóò dúró. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ ọ ni pé irọ́ lójú sánmà pọ̀ ju ti orí ilẹ̀ lọ. Kò sì fi bò rárá pé òun kò ka àwọn tó ń pa irọ́ náà sí.

Àwọn tó ń wa bàálù ńlá kò ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn oníbàálù kékeré ló ń fi ojú rẹ̀ rí màbo: agbẹjọ́rò, oníṣòwò sìmẹ́ńtì, àwọn tó ń fò kiri nítorí pé ilẹ̀ ti sú wọn. Òfin wọn kò sì le. Bí bàálù ńlá bá ń bọ̀ wá bà, obìnrin náà á bi oníbàálù kékeré bóyá ó rí i. Bó bá rí i, yóò gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, yóò sì máa fi ojú ara rẹ̀ ṣọ́ ara rẹ̀. Bí kò bá rí i, yóò máa yípo lókè ilé iṣẹ́ bíríkì títí ọ̀nà yóò fi ṣófo. Ìyípo náà kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, àmọ́ èèyàn ńlá kì í fẹ́ yípo. Láti ọjọ́ tó ti dé orí àga yẹn, kò tíì sẹ́ni tó dá a lóhùn pé òun kò rí i. Mo rí i, mo rí i, bí ẹni ń kí ara wọn káàárọ̀.

Èyí tó burú jù nínú wọn ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Dókítà eyín ni tẹ́lẹ̀, àmọ́ Bọ̀ọ̀dá Bàálù ni gbogbo ẹbí ń pè é, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn. Ó ra ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ní ìlà wúrà mẹ́rin léjìká, irú èyí tí àwọn ọ̀gá awakọ̀ bàálù ńlá ń wọ̀, òun tí kò gbé èrò kankan rí àyàfi ikùn ara rẹ̀. Òun ló ń wọ̀ wá sípàdé ẹbí. Bí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò, á kọ́kọ́ ki awò ojú rẹ̀ bọ àpò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, bàálù ńlá tó gbé èèyàn mẹ́rìndínláàádọ́jọ ń sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin náà bi Bọ̀ọ̀dá Bàálù bóyá ó rí i. Ó ní òun rí i, òun ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ bọ̀. Ló bá forí lé iwájú bàálù ńlá náà gbọnrangandan. Àmì bàálù méjèèjì wọnú ara wọn lórí rédà tó ń fi ibi tí wọ́n wà hàn. Ohùn obìnrin náà kò yẹ̀: ó ní kí bàálù ńlá gbéra sókè lójú ẹsẹ̀, ó sì gbéra. Àwọn èrò ṣubú lu ara wọn, ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù ṣẹ́. Àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò gùn ju yàrá ìkàwé méjì lọ.

Wọ́n ṣèpàdé lé e lórí. Bọ̀ọ̀dá Bàálù wọ ṣẹ́ẹ̀tì oníwúrà wá, ó ní òun rí bàálù náà dáadáa, oòrùn ló kàn wọ òun lójú. Ọ̀gá ilé ìṣọ́, ọkùnrin kan tí kì í fẹ́ kí tíì rẹ̀ tutù, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn méjèèjì rí ara wọn, kò séwu, ó sì pa fáìlì dé. Nígbà tí obìnrin náà délé, ọkọ rẹ̀ ní kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá ló tọ́ mi nígbà tí bàbá wa kú," ọkọ rẹ̀ wí. "Fífò yìí nìkan ló kù tó ń múnú wọn dùn."

"Àwọn tó wà nínú bàálù yẹn náà lẹ́ni tó tọ́ wọn," ìyàwó dáhùn, ó sì kó abọ́ kúrò níwájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, sánmà mọ́ kedere, rédà sì ṣófo. Bàálù kan ṣoṣo ló wà lókè, ti Bọ̀ọ̀dá. Obìnrin náà mọ òfin iṣẹ́ rẹ̀: ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ tó parọ́ lórí rédíò, àga ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ sì ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì.

"Bàálù ńlá kan ń bọ̀ lápá ọ̀tún yín. Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Àwọ̀ wo ni ìrù rẹ̀?"

"Pupa," ó ní. "Ó rẹwà gan-an."

"Bọ̀ọ̀dá, kò sí bàálù kankan níbẹ̀."

Nílé ẹgbẹ́ àwọn oníbàálù kékeré, níbi tí wọn kì í ti í pa rédíò, gbogbo wọn ló gbọ́ ọ.

Ọ̀gá sáré gun òkè wá, tòun ti ife tíì lọ́wọ́. Ó ṣàlàyé pé lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ̀rọ á pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ fúnra rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni ò bá béèrè rẹ̀. Kó ṣáà ti panu mọ́, àga á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé àṣẹ fífò á wà lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá. Obìnrin náà wò ó tẹsẹ̀ torí, ó sì ní kó fún òun ní bébà. Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ, ó kọ ti Bọ̀ọ̀dá tẹ̀ lé e. Fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sí olú iléeṣẹ́, torí ó mọ ibi tí ọ̀gá máa fi í pamọ́ sí.

Dókítà ojú tó yẹ Bọ̀ọ̀dá wò ní kò lè ka ju lẹ́tà àkọ́kọ́ lọ lára ògiri. Wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gba àga lọ́wọ́ obìnrin náà pẹ̀lú, wọ́n ní kó máa lọ to fáìlì nísàlẹ̀. Odindi ọjọ́ mọ́kànlá ni ọkọ rẹ̀ kò fi bá a sọ̀rọ̀, òun náà kò sì bẹ̀ ẹ́. Àdánù àga náà dùn ún wọra. Ó fẹ́ràn àga yẹn ju bó ṣe fẹ́ràn ọ̀pọ̀ nínú ẹbí ọkọ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tó gòkè lọ kó ife àti súwẹ́tà rẹ̀, ẹni tó gba àga rẹ̀ ń bi agbẹjọ́rò agbéraga kan bóyá ó rí bàálù tó ń bọ̀.

"Mi ò rí i," agbẹjọ́rò wí. "Mo ń yípo."

Oníṣòwò sìmẹ́ńtì náà ò rí i. Ọ̀gá ń ráhùn pé bàálù kékeré mẹ́ta ló ń yí ilé iṣẹ́ bíríkì po báyìí, pé iṣẹ́ ti falẹ̀. Obìnrin náà dúró ti fèrèsé tòun ti ife rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí wọ́n ṣe ń yípo bí àdìẹ tó ń wábi yé sí, títí ẹsẹ̀ bàálù ńlá fi kanlẹ̀.

"Ọdún méjìdínlógún," ó ní. Ó pòṣé, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí fáìlì rẹ̀.