Erin tó Wà ní Pálọ̀ Bàbá Ìtẹ́olúwa

Bí ẹ bá wọ mọ́tò Josiah Adébóyè láti gáréèjì Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́, ẹ ó gbọ́ àkànlò èdè òyìnbó kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ fẹ́ o, ẹ kọ̀ o. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, mo sì ti gbọ́ tèmi yó.

Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà kan ló máa ń wà lọ wà bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìrẹsà, ọkùnrin tí orúkọ ẹranko kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Bàbá Ìtẹ́, bí a ṣe ń pe Josiah, ti kó gbogbo ẹ̀ jọ. Èrò tó bá ń kánjú, á ní kó di ẹṣin rẹ̀ mú, ìyẹn ni pé kó ṣe sùúrù. Ẹni tó bá tú àṣírí, ó ti jẹ́ kí ológbò jáde nínú àpò nìyẹn. Ẹni tó ń sunkún ẹ̀tàn, omijé ọ̀nì ló ń dà. Á wá máa ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó máa ń bí mi nínú, síbẹ̀ mo máa ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún 1988, Ìtẹ́olúwa, àkọ́bí rẹ̀, rí ọkọ: Akínpẹ̀lú, ọmọ Ọ̀yọ́. Bàbá ọkọ, Alàgbà Dámisí, jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, díákónì Onítẹ̀bọmi paraku. Aládùúrà ni àwa, àwa tí a ń bọ́ bàtà kí a tó wọ ilé Ọlọ́run. Ẹ̀gbọ́n Akínpẹ̀lú ti fẹ́ fẹ́ ọmọ aláṣọ funfun bíi tiwa rí. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan sí ìgbéyàwó ni ilé méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi ara wọn pé ṣọ́ọ̀ṣì wo ni wọn ó ti ṣe é. Ibẹ̀ ló fọ́ sí.

Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí ń ba Ìtẹ́olúwa. Láàárọ̀ ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ọ́, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lónìí. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi: ajá tó ń sùn, ká jẹ́ kó máa sùn."

Bàbá Ìtẹ́ wò ó. Inú rẹ̀ dùn pé ọmọ gbọ́ ẹ̀kọ́, ó sì dùn ún pé ẹ̀kọ́ ọ̀hún ni ọmọ fi ká òun lọ́wọ́ kò. Ó ní, "Mo gbọ́."

Àwọn ará Ọ̀yọ́ dé lọ́sàn-án pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ èso. A kí ara wa títí. A sọ̀rọ̀ òjò, a sọ̀rọ̀ ọ̀nà, a sọ̀rọ̀ iṣu. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tí ìgbéyàwó ó ti wáyé. Alàgbà Dámisí ń wo sùtánà funfun tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri, ó tún ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Fáńtà gbóná mọ́ wa lọ́wọ́.

Mo rí i tí Bàbá Ìtẹ́ mí kanlẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ti parí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ló wí, "òyìnbó máa ń sọ pé erin wà nínú yàrá. Ohun ńlá ni, gbogbo èèyàn ń rí i, kò sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Erin kan wà ní pálọ̀ mi yìí. Ṣọ́ọ̀ṣì wo la ó ti so àwọn ọmọ wọ̀nyí pọ̀? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lónìí, kó má baà jẹ́ ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó la ó máa sọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi sunkún."

Ìtẹ́olúwa dorí kodò. Èmi ń bẹ Ọlọ́run lábẹ́lẹ̀ pé kó bá mi pa ẹnu ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dé.

Alàgbà Dámisí gbé Fáńtà rẹ̀ sílẹ̀. "Àna wa," ó ní, "erin yìí ti tẹ ọmọ mi kan mọ́lẹ̀ rí. Gbogbo wa là ń wò ó nígbà náà, èmi náà ò sì sọ̀rọ̀."

Ó ní kí wọ́n so wọ́n pọ̀ lọ́dọ̀ Onítẹ̀bọmi lọ́jọ́ Sátidé, kí ìdúpẹ́ ọjọ́ Ìsinmi wà lọ́dọ̀ tiwa. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìbọ̀sẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ń wọlé? Ẹsẹ̀ mi kì í gba òtútù."

"Ẹ ó bọ́ ọ ni, sà," Bàbá Ìtẹ́ dáhùn, "àmọ́ a ó tẹ́ ẹní fún yín."

Ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Nígbà tí a sin àlejò tán, Ìtẹ́olúwa dúró ti bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ojú.

"Bàbá mi, ẹ ti jí ajá yẹn."

"Mo jí i," ni bàbá wí, "kò bu ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣe ló ń ju ìrù."