Olú Tí Mo Pè Ní Olú Ọ̀gán

Tí òjò bá ti rọ̀ sórí ìgbẹ́ màlúù lẹ́yìn ọgbà kọ́ńpìnnì wa ní Ọ̀tà, òórùn kan máa ń gba orí ògiri wọlé, bíi ti koríko tó ń rà, bíi ti yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa fún ìgbà pípẹ́. Títí dòní, tí òórùn náà bá kàn mí nímú, ojú máa ń tì mí. Kí n tètè sọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ ara mi ní ẹjọ́ àre: èmi ni mo já olú náà, èmi ni mo sè é, èmi náà ni mo sì gbé ẹ̀bi rẹ̀ lé ẹlòmíràn lórí.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti bútà oníke ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa po páúdà àwọ̀ mọ́ ike kó tó wọ ẹ̀rọ. Búlúù ló ń tà jù, nítorí náà búlúù ni ìka mi máa ń jẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé, ọṣẹ kankan ò sì ká a. Yàrá kan ni mo háyà ní Ṣàngó, kò jìnnà sí Tóògéètì. Ẹni tó wà ní yàrá kejì sí mi ni obìnrin aránṣọ kan láti apá Ọ̀ṣun, opó ni. Tó bá ti se ọbẹ̀, ó máa ń bu díẹ̀ fún mi, ó ní òun náà ní àbúrò ọkùnrin kan tó wà ní ìlú onílùú, òun ò sì mọ ẹni tó ń fún un lóúnjẹ. Mo ń jẹ ọbẹ̀ yẹn, mo sì ń fura. Kí ni obìnrin tí kò lọ́kọ ń wá lára ọkùnrin tí kò láya? Àwọn ará ilé ló gbìn ín sí mi lọ́kàn. Ọ̀kan nínú wọn, ìyàwó mekáníìkì, máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá gba abọ́ kọjá: "Ọmọ Ọ̀yọ́, ọbẹ̀ ọ̀fẹ́ lówó lórí o."

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ṣíwọ́ ṣíìfù òru láàárọ̀, mo sì gba ẹ̀yìn ọgbà kọjá níbi tí àwọn màlúù máa ń dúró sí. Olú ti hù níbẹ̀. Orí wọn pọ́n bí àkàrà tí iná ò tíì pa, ẹsẹ̀ wọn funfun, ìgbín sì ti jẹ díẹ̀ lára wọn. Ìyá àgbà mi ní Ìsẹ́yìn máa ń já olú ọ̀gán, èyí tó ń hù níbi tí ikán bá wà, mo sì máa ń tẹ̀lé e lọ. Mo sọ fún ara mi pé mo mọ olú. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé agbọ̀n ni mo máa ń gbé lọ́wọ́. Kò fìgbà kan jẹ́ kí n já ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo rántí, pé ohun tí ìgbín bá jẹ, èèyàn lè jẹ, n ò sì lè búra báyìí pé ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Mo já wọn sínú ọ̀rá. Nígbà tí mo ń ṣà wọ́n nílé, mo rí búlúù lọ́wọ́ mi, mo sì nù ún mọ́ ṣòkòtò mi bí mo ti máa ń ṣe. Mo dà wọ́n sínú ọbẹ̀ tí aránṣọ gbé fún mi, mo gbé e kaná, mo fi jẹ ẹ̀bà.

Kò pẹ́ tí páànù òrùlé fi bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Mo ní ó ń mí: ó ń wú, ó ń rọlẹ̀, bí àyà ẹni tó sùn. Òdòdó ara kọ́tìnì ń rìn lọ sókè. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, àyà mi ń lù kìkì. Láti ẹ̀yìn ògiri ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, àfi bí ẹni pé orúkọ mi ló ń pè, tí kò sì sinmi. Ibẹ̀ ni mo ti dá a lẹ́jọ́. Nígbà tí ojú mi fi máa wálẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo ti mọ ẹni tó fẹ́ pa mí.

Mo lọ bá bàbá onílé, Àlùhájì kan tó máa ń fara balẹ̀ gbọ́ ẹjọ́. Ó bi mí ohun tí mo jẹ. Mo ní ọbẹ̀ aránṣọ ni.

"Ọbẹ̀ yẹn nìkan?"

"Ọbẹ̀ yẹn nìkan ni, bàbá."

Kì í ṣe pé mo gbàgbé olú. Mo rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá dárúkọ rẹ̀, wọn ò ní gbà mí gbọ́, mo sì ti fẹ́ kí wọ́n gbà mí gbọ́.

Wọ́n pe gbogbo ilé jọ sójúde. Obìnrin náà kò pariwo. Ó wọlé, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ tó kù jáde, ó sì bù ú jẹ lójú gbogbo wa títí ó fi kan ìdí ìkòkò. Mo rò pé ìyẹn máa parí ẹ̀. Ìyàwó mekáníìkì yìí ló sọ̀rọ̀: "Ẹni tó fi májèlé sí i, ṣé kò ní í ní ẹ̀rọ̀ ẹ̀ ni?" Àwọn èèyàn mi orí. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó gbé aṣọ fún un rán mọ́ nínú ilé, wọ́n ń pe ọmọ wọn wọlé tó bá ń kọjá. Nígbà tí oṣù parí, Àlùhájì ní kó máa wá ilé mìíràn. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń di ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Kò wò mí.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ kọ́ńpìnnì bàjẹ́, wọ́n ní kí a jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọwọ́ mi mọ́. Òjò rọ̀, mo tún gba ẹ̀yìn ọgbà, olú náà tún wà. Mo ṣẹ́ ọ̀kan. Ibi tí mo fi ìka tẹ̀ lára ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà níṣojú mi, díẹ̀díẹ̀, bí ara tí wọ́n gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ó di búlúù. Kò sí páúdà lọ́wọ́ mi. Mo jókòó sórí koríko tútù.

Nígbà tí a padà síṣẹ́, mo wá òmíràn já, mo sì gbé e lọ bá àǹtí tó ń yẹ ọjà wò ní láàbù, torí ó kàwé nípa ohun tó ń hù. Ó gé orí rẹ̀, ó dà á dé sórí pépà funfun, ó fi ife bò ó. Lọ́jọ́ kejì ó ṣí i: eruku tó já sílẹ̀ dúdú, ó sì pọ́n díẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Ó ní eruku ti olú ọ̀gán kì í rí bẹ́ẹ̀, ó máa ń mọ́, a sì máa pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní èyí tó hù lórí ìgbẹ́ yìí, tó ní ohun bí òrùka lọ́rùn, tó ń di búlúù tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ohun tó ń da orí èèyàn rú wà nínú rẹ̀. Ó ní òun tó kàwé gan-an kò jẹ́ já olú inú igbó sínú ìkòkò, torí àwọn kan jọra wọn tí wọ́n ń pa èèyàn. Mo bi í nípa ìgbín. "Ìgbín ní ikùn tiẹ̀," ó ní, "ìwọ náà ní tìẹ."

Ó bi mí ta ló jẹ ẹ́. Mo ní èmi ni. Ó ní kí n dúpẹ́ pé kò kan ẹlòmíràn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde.

Mo jẹ́wọ́ fún Àlùhájì nínú pálọ̀ rẹ̀. Ó ní ẹlòmíràn ti gba yàrá yẹn, kí n má tú ọ̀rọ̀ tó ti rọlẹ̀. Ó rọrùn fún mi láti gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo béèrè títí mo fi rí ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà ní Ìjokò. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, olú, ìgbẹ́ màlúù, búlúù, àti "nìkan" tí mo fi kún un. Ó ń rán ọwọ́ aṣọ kan lọ títí mo fi sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Àbúrò mi, mo ti gbọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n ojúde lo ti bà mí jẹ́. Kí ló dé tó jẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù lo ti ń bẹ̀ mí?"

Mo ṣèlérí fún un pé màá pe gbogbo ilé jọ. Mo padà sí Ṣàngó pẹ̀lú ìlérí yẹn lẹ́nu. Ọjọ́ Àìkú kan, gbogbo wọn wà lójúde, ìyàwó mekáníìkì náà wà níbẹ̀, mo dìde, mo ní mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n yíjú sí mi. Mo rí i lójú wọn bí wọn yóò ṣe máa wò mí láti ọjọ́ yẹn lọ, ojú tí wọ́n fi wo obìnrin náà gẹ́lẹ́. Mo ní ìdọ̀tí ìdí kànga ti pọ̀ jù, kí a dá ọjọ́ tí a máa gbá a. Wọ́n ní òótọ́ ni mo sọ.

Ilé kan náà ni mo ṣì ń gbé. Gbèsè tí mo jẹ obìnrin yẹn kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún ọ̀rọ̀ lójúde lọ, mi ò sì tíì san án.